Oògùn oníhóró àbí abẹ́rẹ́: ìfiwéra àwọn oògùn tí ń mú ẹyin obìnrin dàgbà, fún àwa tí a ń gbé ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín àwọn tí ń wojú Olúwa fún ọmọ ní Àbújá. Ìbéèrè kan wà tí mi ò yé gbọ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, ní Lugbe, ní Nyanya àti ní Mararaba, títí kan àwọn tó ń wọkọ̀ wá láti Kàdúná àti Lọ́kọ́ja: “Àǹtí nọ́ọ̀sì, nínú gbogbo oògùn yìí, èwo ló lágbára jù?” Mo mọ ibi tí ìbéèrè náà ti ń wá. Ẹni tó ti ń wo ọ̀nà ọmọ láti ọdún méje kò ní sùúrù fún oògùn tí yóò máa rọra ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé oògùn tí ilé ẹyin obìnrin kan kò tilẹ̀ ní mọ̀ lára ni yóò gbé obìnrin mìíràn dé wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ikùn tó kún fún omi. Ohun tó yẹ kí a máa béèrè ni èyí tó bá ilé ẹyin ẹni mu, tó bá ìdí tí oyún kò fi tíì wá mu, tó sì bá ibi tí a ń gbé mu, pẹ̀lú ooru ibẹ̀ àti bí iná ṣe ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ara ṣe ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹṣẹ́ kékeré kan (tí òyìnbó ń pè ní gland) wà lábẹ́ ọpọlọ tó máa ń tú họ́mọ̀nù tí à ń pè ní FSH sínú ẹ̀jẹ̀. FSH yìí ló ń jí àwọn àpò kéékèèké inú ilé ẹyin, èyí tí ẹyin kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn. Bí àwọn àpò náà ti ń dàgbà ni wọ́n ń ṣe họ́mọ̀nù obìnrin tí à ń pè ní ẹ́sítírójìn, ẹ́sítírójìn náà á sì ránṣẹ́ padà sí ọpọlọ pé iṣẹ́ ti ń lọ, kí FSH dín kù. Nígbà tí FSH bá dín kù báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpò náà yóò rọ, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò sì gbó. Lẹ́yìn èyí ni họ́mọ̀nù kejì, LH, yóò rú sókè lójijì, ẹyin á sì jáde ní nǹkan bíi wákàtí 36 sí i. Gbogbo oògùn tí a óò fi wéra níhìn-ín, ibì kan nínú ètò yìí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń dá sí ọ̀rọ̀.

Ó sì wù mí kí àwa Yorùbá mọ FSH ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ. Dókítà Nylander, tó ṣe ìwádìí lórí ìbejì ní Ìbàdàn ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, rí i pé láàárín àwọn Yorùbá, ìbí ìbejì ju 40 lọ nínú 1000 ìbí, ó sì rí i pé FSH pọ̀ lára àwọn ìyá tó ti bí ìbejì ju ti àwọn tó ń bí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ. Ohun tí abẹ́rẹ́ olówó ńlá ń ṣe lára ẹlòmíràn, ara àwọn ìyá wa kan ti ń ṣe é láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí obìnrin kan bá ní kí a fi oògùn kún oògùn kí òun lè rí Táyé àti Kẹ́hìndé gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú

Kí ènìyàn tó fi oògùn kan wé òmíràn, ó yẹ kí èsì àyẹ̀wò mẹ́rin wà lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni ti àtọ̀ ọkọ. Mo mọ obìnrin kan tó lo Clomid, oògùn oníhóró tó ń mú ẹyin dàgbà, fún oṣù mẹ́jọ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ọkọ rẹ̀ náà wá ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí ọkọ ṣe é, wọn kò rí irúgbìn kankan nínú àtọ̀ náà. Oṣù mẹ́jọ tí obìnrin yẹn fi ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ṣì ń dùn mí. Èkejì ni àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ ṣí sílẹ̀. Bí méjèèjì bá dí, oògùn oníhóró kò ní iṣẹ́ tó máa ṣe níbẹ̀; IVF, níbi tí a ti ń pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní òde ara, ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀kẹta ni síkáànì ní ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, èyí tí a fi ń ka àwọn àpò kéékèèké inú ilé ẹyin, ẹ̀kẹrin sì ni AMH, tí í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ẹyin tó kù ti pọ̀ tó. Obìnrin tí àpò rẹ̀ ju 20 lọ nínú ilé ẹyin kan, àti obìnrin tí ó ku mẹ́ta péré fún, kò gbọdọ̀ pín oògùn kan náà lò, ì báà jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá mi, kí ẹ má ṣe máa fún ara yín ní ìwé oògùn ara yín lẹ́yìn ìsìn tàbí ní àṣàlátù.

Clomid àti letrozole

Oògùn oníhóró méjì yìí ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún obìnrin tí ọ̀nà ẹyin rẹ̀ ṣí, tí àtọ̀ ọkọ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tí ẹyin rẹ̀ kì í jáde déédéé. Ọ̀pọ̀ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ló ní PCOS: nǹkan oṣù wọn máa ń pẹ́ kí ó tó dé, àpò kéékèèké sì pọ̀ nínú ilé ẹyin wọn láìsí èyí tó ń gbó.

Clomiphene, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Clomid, ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún 1967 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Ó máa ń lọ jókòó sí àyè tó jẹ́ ti ẹ́sítírójìn nínú ọpọlọ, ọpọlọ á wá rò pé ẹ́sítírójìn ti tán, á sì tú FSH sí i jáde. Letrozole kò gba ọ̀nà yẹn. Ńṣe ló ń dènà bí ara ṣe ń ṣe ẹ́sítírójìn gan-an, kí ẹ́sítírójìn lè wálẹ̀ ní tòótọ́, kí ọpọlọ sì dáhùn. Ọjọ́ márùn-ún ni a ń lo èyíkéyìí nínú wọn, a sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún nǹkan oṣù. Mílígíráàmù 50 lójúmọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ Clomid, mílígíráàmù 2.5 ni ti letrozole, a sì lè gbé letrozole dé 7.5 bí ẹyin kò bá dáhùn.

Ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti hàn jù ni bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó nínú ara. Apá kan nínú Clomid lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bó sì ṣe ń jókòó sí àyè ẹ́sítírójìn nínú ọpọlọ náà ló ń jókòó sí i nínú ilé ọmọ. Nítorí èyí, lára àwọn obìnrin kan, ẹyin á gbó dáadáa, ṣùgbọ́n ibùsùn tí oyún yẹ kó lẹ̀ mọ́ á fẹ́lẹ́ bíi bébà, omi ojú ara pàápàá á ki tí àtọ̀ kò fi ní rìn geere. Letrozole kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì, ìdajì rẹ̀ ti kúrò lára, nígbà tí ẹyin yóò bá fi jáde kò sí ohun púpọ̀ tó kù. Mo ti dúró ti dókítà níbi síkáànì tó pọ̀ láti mọ ìyàtọ̀ yìí lójú: obìnrin kan náà tí ibùsùn ilé ọmọ rẹ̀ kò ju mílímítà márùn-ún lọ lórí Clomid ni mo rí tó tó mẹ́jọ lórí letrozole ní oṣù kẹta sí i.

Ọ̀rọ̀ ojú lásán sì kọ́ ni. Ní ọdún 2014, àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láàárín obìnrin 750 tó ní PCOS. Nínú àwọn tó lo letrozole, 27.5 nínú 100 ló gbé ọmọ jó. Nínú àwọn tó lo Clomid, 19.1 ni. Láti ìgbà náà ni ìlànà àgbáyé fún PCOS, èyí tó jáde ní 2018 àti èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2023, ti fi letrozole sí ipò kìíní fún àwọn tí ẹyin wọn kì í jáde nítorí PCOS. Tèmi náà kò yàtọ̀: bí PCOS bá ni, tí letrozole sì wà, mi ò rí ìdí tí a óò fi kọ́kọ́ mú Clomid.

Ohun tó ń da letrozole rú lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa ni ìwé inú páálí rẹ̀. Obìnrin kan láti Gwarimpa gbé páálí náà ka orí tábìlì mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, “Àǹtí, ṣé jẹjẹrẹ ni wọ́n rí lára mi tí ẹ ò sọ fún mi?” Ó ti ka á nínú ìwé náà pé oògùn jẹjẹrẹ ọmú ni. Òótọ́ ni, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún nìyẹn, nítorí pé irú jẹjẹrẹ ọmú kan wà tí ẹ́sítírójìn ń bọ́. Oògùn tó ń dín ẹ́sítírójìn kù náà ni a wá ń lò fún ọjọ́ márùn-ún péré láti jí FSH. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ló yẹ kó sọ èyí kí aláìsàn tó dé ilé kà á. Ohun tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni pé kí a ti mọ̀ dájú pé kò sí oyún kí a tó lò ó, àti Clomid pẹ̀lú.

Bí a bá wo ti ìnira, Clomid ló sábà máa ń mú kí ara gbóná fòò bíi ti àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ń lọ, letrozole sì máa ń fa àárẹ̀ àti orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú ti Clomid tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré, ìyẹn ojú. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì, tí ènìyàn ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà tàbí àmì tó ń fò kiri, kí ó dá oògùn náà dúró, kí ó sì pe dókítà lọ́jọ́ náà. Kí ó má sì wakọ̀. Ẹnìkan sọ fún mi pé ojú ọ̀nà Nyanya lálẹ́ ni òun ti kọ́kọ́ rí i, tí iná ọkọ̀ iwájú di méjì, di mẹ́ta.

Clomid ṣì ní àyè tirẹ̀. Bí letrozole kò bá sí, tàbí tí obìnrin náà ti fi Clomid lóyún rí tí ibùsùn ilé ọmọ rẹ̀ sì dára, kò burú. Kí ó má ṣáà kọjá oṣù mẹ́fà, kí síkáànì sì wà níbẹ̀, ó kéré tán ní oṣù àkọ́kọ́. Ní ti metformin, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí oògùn àtọ̀gbẹ, a lè fi kún un fún àwọn kan tó ní PCOS, ṣùgbọ́n kò tó láti dá nìkan dúró níwájú letrozole.

Àwọn kan sì wà tí oògùn méjèèjì yìí kò lè ṣe nǹkan kan fún. Obìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ kò rán FSH jáde rárá, bóyá nítorí pé ó gbẹ jù tàbí nítorí àìsàn inú orí, kò ní ohun tí Clomid tàbí letrozole yóò jí. Abẹ́rẹ́ tó ní FSH àti LH pọ̀ ni tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tó wá láti inú ìtọ̀ àti abẹ́rẹ́ ti ilé iṣẹ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí IVF, tàbí tí oògùn oníhóró ti kùnà, FSH fúnra rẹ̀ ni a óò máa gún. Oríṣi méjì ni ẹ óò bá pàdé. Ọ̀kan ni èyí tí a yọ láti inú ìtọ̀ àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti lọ, tí Menopur jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. FSH máa ń pọ̀ gan-an lára irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, ó sì ń bá ìtọ̀ wọn jáde. Ní Ítálì ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, ilé àwọn arúgbó obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n sì ti ń gba ìtọ̀ náà. Ọdún 1962 ni a bí ọmọ àkọ́kọ́ tí oyún rẹ̀ wá nípasẹ̀ rẹ̀, ní Ísírẹ́lì. Èkejì ni èyí tí ilé iṣẹ́ ń fi sẹ́ẹ̀lì ṣe, bíi Gonal-F àti Puregon, tó ti wà láti àárín ọdún 1990 sí 2000.

Àwọn Mùsùlùmí tó ń wá sọ́dọ̀ mi, àti Yorùbá àti Hausa, máa ń béèrè nípa ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yìí, ìbéèrè tó lọ́wọ̀ sì ni. Ohun tí mo lè sọ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì ni pé wọ́n ti sẹ́ oògùn náà mọ́ gidigidi kó tó dé inú ìgò, àti pé èyí tí kò ní ìtọ̀ nínú wà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbé e. Èyí tó kù di ọwọ́ áfáà tí ẹ fọkàn tán. Ní oṣù Ramadan, alẹ́ lẹ́yìn ìṣínu ni a sábà máa ń fi abẹ́rẹ́ náà sí, nítorí pé alẹ́ náà ló tọ́ sí i tẹ́lẹ̀.

Èwo ló ń mú ọmọ wá jù? Nínú àwọn ìwádìí tó ti fi wọ́n wéra, ìyàtọ̀ tó wà nínú iye ọmọ tí a bí kéré débi pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà ní tòótọ́ ni pé Menopur ní agbára LH nínú, yúnìtì 75 pẹ̀lú FSH 75 nínú ìgò kan, èyí tó ń ran àwọn tí LH wọn kéré lọ́wọ́. Gonal-F àti Puregon jẹ́ FSH nìkan. Ti Gonal-F máa ń wà nínú kálàmù tí a ti po oògùn rẹ̀ tán, tí a kàn ń yí nọ́ńbà rẹ̀ sí iye tí dókítà kọ, nígbà tí ti Menopur jẹ́ ìyẹ̀fun tí a óò fi omi rẹ̀ pò ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí kò ní ẹni tí yóò bá a ṣe é nílé, kálàmù rọrùn púpọ̀.

Nípa owó, ẹ má ṣe fi páálí wé páálí, yúnìtì ni kí ẹ fi wé yúnìtì. Bí dókítà bá kọ yúnìtì 225 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, 2,250 ni gbogbo rẹ̀: ọgbọ̀n ìgò Menopur oníyúnìtì 75, tàbí kálàmù Gonal-F oníyúnìtì 900 méjì àti ààbọ̀. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ lórí ìwé kí ẹ tó lọ sí ilé oògùn ní Wuse tàbí Garki, kí ẹ sì béèrè iye owó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé òkè òkun ni oògùn wọ̀nyí ti ń wá, tí dọ́là bá sì yí padà láàárín ìtọ́jú, àárín ọjọ́ kẹfà ni owó yóò tán lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ti rí i. Kò sí ohun tó burú tó kí a dá abẹ́rẹ́ dúró nígbà tí àpò ẹyin ti ń dàgbà.

Fífi oògùn kún oògùn náà ní ààlà. Obìnrin tí ẹyin tó kù fún kéré máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé e sókè dé 500, dé 600. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé kí a má ṣe kọjá yúnìtì 450 lójúmọ́ rárá, nítorí pé FSH kò lè dá àpò tí kò sí nílẹ̀. Èyí tó wà ni ó ń jí.

Ooru, fíríìjì àti iná

Ibi tí mo ti fẹ́ dúró pẹ́ nìyí, nítorí pé ìwé tó wà nínú páálí kò mọ Àbújá. Kálàmù Gonal-F, kí a tó ṣí i, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìwé rẹ̀ gbà kí a gbé e síta fún oṣù mẹ́ta bí ooru kò bá ju 25 lọ, lẹ́yìn tí a bá sì ti ṣí i, ọjọ́ 28 ló kù fún un. Ìyẹ̀fun Menopur onígò 75 kò béèrè fíríìjì dandan, ṣùgbọ́n òun náà kò fẹ́ ju 25 lọ. Ẹni tó bá ń gbé ní Kubwa tàbí Zuba ní oṣù kẹta ọdún mọ̀ pé inú yàrá tí fáànù kò yí nínú rẹ̀ máa ń ju 30 lọ dáadáa. Nítorí náà, “inú yàrá” tí ìwé yẹn ń wí kì í ṣe yàrá wa. Ní àkókò ọyẹ́, ó lè ṣeé ṣe ní òru; ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Bí iná bá wá wà fún wákàtí mẹ́fà péré lóòjọ́ ní àdúgbò yín, èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun, tí a ń pò ní ìwọ̀n tí a fẹ́ lò, fara da ìnira ju èyí tó ti di omi tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí iná oòrùn pé kí wọ́n bi dókítà wọn bóyá Menopur yóò ṣe é fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà, tí kò ní owó nínú: kí ẹ fi oògùn yín sílẹ̀ nínú fíríìjì ilé ìwòsàn, kí ẹ máa wá gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń gbé ní Jabi, Utako tàbí Wuse lè ṣe é. Fún ará Mararaba tí gòsílóò máa ń gbà ní wákàtí méjì, kò rọrùn.

Àìsí iná nìkan sì kọ́ ni ọ̀tá oògùn. Ìyàwó kan gbé kálàmù mẹ́ta wá fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó rà wọ́n, wọ́n le gbagidi bíi omi inú ọ̀rá tí a gbé ka yìnyín. Ó ti rò pé bí òun bá kó wọn sínú fírísà, tí iná bá lọ, wọn yóò ṣì tutù di ilẹ̀ mọ́. Èrò rere ni, àmọ́ oògùn tó bá ti di yìnyín ti bàjẹ́, yíyọ́ rẹ̀ kò sì dá a padà. A kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù. Mo rántí bó ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń wo ọwọ́ rẹ̀, tí kò sunkún, tí kò sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń fi ọwọ́ ara mi tọ́ka sí ibi tó yẹ kí oògùn wà nínú fíríìjì kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ: àárín gbùngbùn, kí ó má kan ògiri ẹ̀yìn, kí ó má sì wà lára ilẹ̀kùn tí à ń ṣí tí à ń tì.

Bí ẹ bá ń gbé e rìnrìn-àjò, ẹ kó yìnyín sínú kúlà, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé yìnyín náà kó má fara kan oògùn, kí ẹ má sì fi kúlà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gba oòrùn, ì báà ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fẹ́ fi yà ra tòmátò. N kò gbà kí a máa ra oògùn wọ̀nyí láti Èkó kí ọkọ̀ òru wá gbé e dé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Dókítà Ibrahim Wada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe IVF ní Nisa Premier ní Jabi, tí ọmọ àkọ́kọ́ ibẹ̀ sì dé ní 1998. Ilé oògùn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti wà nílùú yìí. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn kò ní ṣeé lò mọ́, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe gbé e wá, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan páálí náà kó tó bọ́ sínú kúlà yín. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dá a padà.

Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹyin sáré jáde

Nínú IVF, bí àpò ẹyin bá ti pọ̀ tó ń dàgbà, LH lè rú sókè kí a tó ṣetán, ẹyin á sì jáde lọ. Oríṣi abẹ́rẹ́ méjì ló ń dí i lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́, bíi buserelin, ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù tó ṣáájú, a óò máa gún un fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí FSH tó bẹ̀rẹ̀, a ó sì tún bá a lọ. Ti èkejì, bíi Cetrotide àti Orgalutran, kì í bẹ̀rẹ̀ títí FSH yóò fi tó ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà, ọjọ́ díẹ̀ péré ni a sì ń lò ó. Èkejì yìí kò gba abẹ́rẹ́ púpọ̀, kò gba àkókò púpọ̀, ewu wíwú ilé ẹyin sì kéré nínú rẹ̀. Fún ẹni tó ní PCOS, èkejì ni mo fara mọ́ pátápátá. Àwọn dókítà kan ṣì máa ń yan ti àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin kan tó ní endometriosis, ìyẹn àìsàn tí irú awọ inú ilé ọmọ fi ń hù sí òde ilé ọmọ, wọ́n sì ní ìdí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Nígbà tí ilé ẹyin bá dáhùn jù

OHSS ni àwọn dókítà ń pè é. Ilé ẹyin á wú, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò sínú ikùn, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì ki tó lè dì. Oògùn oníhóró kì í sábà fà á dé ibi tó le. Abẹ́rẹ́ FSH ló ń fà á jù, pàápàá lára àwọn ọ̀dọ́ obìnrin tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọn tó ní PCOS. Bí ikùn bá wú tí bùbá kò gba ènìyàn mọ́, tí ìwọ̀n ara fi kílógíráàmù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sókè láàárín ọjọ́ kan, tí èébì kò dáwọ́ dúró, tí ìtọ̀ dín kù tó sì pọ́n, tàbí tí mímí ń ṣòro, kí ẹ má dúró di òwúrọ̀. Kí ẹ má sì mu àgbo láti fi fa ikùn náà wálẹ̀. Mo bẹ̀ yín, mo tún bẹ̀ yín. Obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ SS gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kí a tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì yìí.

Ìbejì náà wọ inú ìfiwéra yìí. Nínú ìwádìí 2014 tí mo mẹ́nu kàn, oyún ìbejì jẹ́ 7.4 nínú 100 lórí Clomid, ó jẹ́ 3.4 lórí letrozole, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ènìyàn kò pọ̀ tó láti fi ìyàtọ̀ náà búra. Pẹ̀lú abẹ́rẹ́ FSH láìsí IVF, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ ìbẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún iye ẹyin tí yóò jáde. Inú wa máa ń dùn sí ìbejì, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìbẹta kì í pé oṣù, ibùsùn àwọn ọmọ tí kò pé oṣù kò sì pọ̀ ní Òkè Ọya yìí. Bí síkáànì bá fi àpò mẹ́rin tó ti gbó hàn, tí dókítà sì ní kí tọkọtaya má bá ara wọn lò ní oṣù náà, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àṣekágbá

Èyí tó kẹ́yìn ni abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹyin parí gbígbó. hCG, họ́mọ̀nù tó ń ṣiṣẹ́ bíi LH, ni ti àtijọ́, yúnìtì 5,000 sí 10,000, Ovitrelle sì ni oríṣi rẹ̀ tó wà nínú síríǹjì tí a ti pò tán. Nítorí pé hCG máa ń pẹ́ lára, òun ló sábà máa ń ti OHSS dé ibi tó le. Fún ẹni tó ti wà lórí Cetrotide tàbí Orgalutran, tí àpò ẹyin rẹ̀ sì pọ̀ jù, a lè fi triptorelin, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ara tú LH tirẹ̀ jáde, rọ́pò rẹ̀, kí a kó gbogbo ọlẹ̀ tó bá dá sínú fírísà ilé ìwòsàn títí ara yóò fi balẹ̀. Ẹni tó wà lórí buserelin kò lè lo ọ̀nà yìí, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí ìpinnu ti ìbẹ̀rẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Aago kò ní àforíjì níbi abẹ́rẹ́ yìí. Bí a bá ní kí ẹ gún un ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni a óò kó ẹyin, ìyẹn wákàtí 36. Bí ẹ bá gún un ní aago méjìlá nítorí pé oorun gbé yín lọ, ẹ pè wá lóru náà kí a sún àkókò síwájú; kí ẹ má ṣe dákẹ́, kí ojú má sì tì yín. Ẹni tó ń ti Lọ́kọ́ja, Minna tàbí Kàdúná bọ̀ kò gbọdọ̀ fọkàn sí i pé òun yóò gbéra ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Kí ó ti wọ Àbújá ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kí ó sùn sí ilé ẹbí tàbí ilé ìtura tí kò jìnnà, kí ọkọ náà sì bá a wá, nítorí pé àtọ̀ tirẹ̀ ni a óò béèrè ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà.